Nígbà tí Ọlọ́dẹ Bá Ta Onílé Lọ́fà

Ọ̀rọ̀ àìsàn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rù. Àìsàn kan wà ní ọrùn, òmíràn wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé wọn kò mọ ara wọn rí, bẹ́ẹ̀ ni ìbátan ni wọ́n.

Ilé tiwa ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún, iwájú ọrùn rẹ̀ wú. Òtútù a máa mú un nígbà tí gbogbo wa ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wa. Ó ń sanra láìjẹun púpọ̀, oorun kì í sì í tó o. Ní ilé-ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n fún un ní oògùn oníhóró tí yóò máa lò lójoojúmọ́, ara rẹ̀ sì bọ̀ sípò. Ìyá wa kìlọ̀ fún wa pé kí a má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ni. A gbọ́ràn, a pa ẹnu mọ́.

Ó tó ọdún mẹ́fà lẹ́yìn èyí kí àìsàn tó kan ìyá mi kékeré, èyí tí í ṣe àbúrò ìyá mi. Ó kọ́kọ́ ń rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀, a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ahọ́n rẹ̀ pọ́n, ata kò sì ṣeé jẹ fún un mọ́. Nígbà tí ó yá, ó ní ó ń dà bí ẹni pé èèrà ń rìn ní àtẹ́lẹsẹ̀ òun, àti pé bí òun bá tẹ ilẹ̀, bí ẹni pé òwú ni òun ń tẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ènìyàn yóò wí. Wọ́n ní ó tẹ oògùn ni. Wọ́n ní orogún rẹ̀ ni ó fi í sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà le títí orogún náà fi kó ẹrù rẹ̀, tí ó kúrò nílé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ìyá mi kékeré sì ń mu oògùn ẹ̀jẹ̀ inú ìgò, ìgò lórí ìgò, ara kò yá.

Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà kan nígbẹ̀yìn, ìbéèrè tí dókítà náà bi í yà wá lẹ́nu. Kò bi í pé ta ni ọ̀tá rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ǹjẹ́ ẹnì kan wà nínú ìdílé yín tí ó ní àìsàn ọrùn?" Ìyá mi kékeré wo ojú ìyá mi, ó ní, "Rárá o, kò sí." Èmi tí mo dúró lẹ́yìn wọn ni mo wí pé, "Ó wà, sà."

Kí ni ó mú kí ẹni tí ń wo ẹsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ máa béèrè ọ̀rọ̀ ọrùn? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni mo gbé wá fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara ènìyàn wé ìlú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ọlọ́dẹ a jáde. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ olè yàtọ̀ sí onílé. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, irú àwọn ọlọ́dẹ bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, wọn a rọ ọfà tí ó bá kòkòrò náà mu, wọn a sì ta á. Ọfà èéyi kì í bá àrùn mìíràn mu, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé bí a ti ń rọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí ó bá ti ṣe èéyi lẹ́ẹ̀kan kì í fi í sábà ṣe é mọ́. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọlọ́dẹ a ṣi ènìyàn mọ̀. A rí onílé ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀, a sì ta á lọ́fà. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni.

Nísàlẹ̀ gògóńgò, ní iwájú ọrùn, ohun kan wà níbẹ̀ tí ó rí bí labalábá tí ó na ìyẹ́. Táírọ́ìdì ni orúkọ rẹ̀. Ó ń tú omi kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí í sọ fún gbogbo ara bóyá kí ó yára tàbí kí ó rọra. Bí omi náà bá kéré jù, ohun gbogbo a falẹ̀: òtútù, àárẹ̀, ara sísan, ìgbẹ́ tí kò yà. Bí ó bá pọ̀ jù, ohun gbogbo a máa sáré: àyà a máa lù kì-kì-kì, ọwọ́ a máa gbọ̀n, ènìyàn a máa rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun, ẹyinjú ẹlòmíràn a sì yọ síta. Robert Graves, dókítà kan ní Dublin, kọ̀wé nípa irú èyí tí ń sáré yìí ní 1835, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè é títí di òní.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo gẹ̀gẹ̀ ni iṣẹ́ ọlọ́dẹ tí ó ṣìnà. Gẹ̀gẹ̀ tí àwọn àgbà wa mọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú orí òkè, àìtó áyódínì nínú oúnjẹ ni ó sábà ń fà á. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi áyódínì sínú iyọ̀. Irú kejì ni mo ń sọ, èyí tí ara ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà.

Ní 1912, dókítà ọmọ Jàpáànì kan, Hakaru Hashimoto, kọ̀wé nípa obìnrin mẹ́rin tí a ṣe iṣẹ́ abẹ ọrùn fún. Nígbà tí ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo táírọ́ìdì wọn, ó rí i pé àwọn ọlọ́dẹ ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, bí ìgbà tí ogun bá wọ ìlú. Ohun tí wọ́n wá ṣe níbẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni. Ó di 1956 kí Deborah Doniach, obìnrin dókítà kan ní ilé-ìwòsàn Middlesex ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú Ivan Roitt àti Peter Campbell, tó mú omi inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àìsàn Hashimoto ń ṣe, tí wọ́n sì jẹ́ kí ó pàdé omi tí wọ́n fún láti inú táírọ́ìdì. Àwọn méjèèjì so mọ́ ara wọn, wọ́n di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun. Ọfà wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, táírọ́ìdì ni a sì rọ ọ́ fún. Ní ọdún kan náà, Noel Rose àti Ernest Witebsky ní Buffalo, ní Amẹ́ríkà, fi ehoro hàn pé ara lè gbógun ti táírọ́ìdì ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọrùn sílẹ̀ díẹ̀ ná, kí a yà sọ́dọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ní 1849, Thomas Addison ti ilé-ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù ṣàlàyé àìsàn kan tí í mú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dín díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ náà ń ta sílẹ̀. Nítorí pé ikú ni ó sábà ń já sí nígbà náà, wọ́n wá ń pè é ní àìtó ẹ̀jẹ̀ apani. Ní 1926, George Minot àti William Murphy ní Boston fi hàn pé bí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá ń jẹ ẹ̀dọ̀ ẹran púpọ̀ lójoojúmọ́, ara rẹ̀ a máa yá.

Ní Boston yìí kan náà, dókítà William Castle bi ara rẹ̀ pé: kí ni ikùn ẹni tí ara rẹ̀ le ń ṣe tí ikùn àwọn aláìsàn wọ̀nyí kò lè ṣe? Ó jẹ ẹran màlúù lílọ̀. Nígbà tí ó tó wákàtí kan, ó bì í jáde, ó sì fi ọ̀pá rọ́bà gbé e sínú àpòlúkù àwọn aláìsàn. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má ṣe fi í rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Ó tẹ ìwádìí yìí jáde ní 1929. Ní 1948 ni a wá yọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀dọ̀ náà gédégbé, fítámínì B12 ni.

Bí ó ti rí nìyí. B12 wà nínú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà, ṣùgbọ́n kì í dá rìn wọnú ẹ̀jẹ̀. Alábàárù ni ó ń rù ú, inú àpòlúkù ni a sì ti ń ṣe alábàárù náà. Nínú àìtó ẹ̀jẹ̀ apani, àwọn ọlọ́dẹ a máa ta àpòlúkù lọ́fà, wọn a sì máa ta alábàárù náà pẹ̀lú. Ọjà kún, ẹrù wà nílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò rù ú délé. Láìsí B12, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ni í dín. Àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára láti ẹsẹ̀ àti ọwọ́ a máa bàjẹ́ pẹ̀lú. Èèrà tí ìyá mi kékeré sọ pé ó ń rìn lẹ́sẹ̀ òun nìyẹn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ mìíràn tilẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dára lójú, nígbà tí iṣan ń bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ B12 ni ó yẹ ẹ́, nítorí abẹ́rẹ́ kò nílò alábàárù.

Àìsàn ẹ̀jẹ̀ mìíràn tún wà. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí í mú ẹ̀jẹ̀ dì bí a bá fara gbọgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n ní amẹ́jẹ̀dì. Àwọn ènìyàn kan wà tí amẹ́jẹ̀dì wọn a máa dín kù láìnídìí tí a rí. Imú wọn a máa ṣẹ̀jẹ̀, erìgì wọn náà bẹ́ẹ̀, nǹkan oṣù a máa pọ̀ jù, ara wọn a sì máa ṣe dúdú níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti nà wọ́n. Ní 1950, ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan, William Harrington, rò pé ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn yìí ni ó ń pa amẹ́jẹ̀dì wọn. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan tí àìsàn náà ń ṣe, kí wọ́n fà á sí òun lára. Láàrin wákàtí díẹ̀, amẹ́jẹ̀dì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, gìrì mú un, ara rẹ̀ sì ṣe dúdú káàkiri. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ó tó bọ̀ sípò. Ọfà ni, ó ti inú ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà wá. Mo dúpẹ́ pé ó yè, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe dán irú rẹ̀ wò.

Ó kù kí a so ọrùn pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Láàrin 1960 sí 1969, Doniach, Roitt àti àwọn ẹlòmíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn táírọ́ìdì wò, wọ́n sì bá ọfà àpòlúkù nínú ti ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àìtó ẹ̀jẹ̀ apani ń ṣe wò, wọ́n bá ọfà táírọ́ìdì. Wọ́n tún yẹ àwọn ọmọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn wò, wọ́n sì bá ọfà lára àwọn kan tí ohunkóhun kò tíì ṣe. Àrùn tí ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ń ṣe olúkúlùkù wọn lè yàtọ̀.

Báwo ni a ṣe ń jogún irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Púpọ̀ nínú yín ti gbọ́ nípa fòníkú-fọ̀ládìde, nípa AA, AS àti SS. Jíìnì kan ṣoṣo ni ti ìyẹn. Jíìnì dà bí ìwé àṣẹ kékeré tí a gbà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, tí í sọ bí ara yóò ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, nǹkan bí 20,000 ni a sì ní. Bí ọmọ bá gba S lọ́wọ́ bàbá, tí ó tún gba S lọ́wọ́ ìyá, ọ̀rọ̀ ti parí. Ti àìsàn tí a ń sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí èsúsú. Jíìnì púpọ̀ ni ó ń dá a, olúkúlùkù a mú díẹ̀ wá, kò sí ọ̀kan tí ó lè dá nìkan san gbogbo owó náà.

Ẹ gbọ́ nípa méjì nínú wọn. Lẹ́yìn egungun àyà, àwọn ọlọ́dẹ ní ilé-ìwé kan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní kékeré. A máa fi àwòrán àwọn onílé hàn wọ́n. Ẹni tí ó bá na ọfà sí onílé, a kì í sábà jẹ́ kí ó jáde. Jíìnì tí í fi ọ̀pọ̀ àwòrán náà hàn wọ́n ni AIRE, tí a rí ní 1997 nípa àwọn ìdílé kan, títí kan ìdílé ní Fínlándì, tí ó ti bàjẹ́ pátápátá nínú àwọn ọmọ wọn. Èkejì ni PTPN22. Òun dà bí ìjánu lẹ́nu ẹṣin, kí ọlọ́dẹ má bàa máa fi ìbínú ta ọfà. Ní 2004, a rí i pé irú PTPN22 kan wọ́pọ̀ lára àwọn tí àìsàn Graves ń ṣe ju lára àwọn ẹlòmíràn lọ. Ní 2021, àwọn onímọ̀ kó ìṣirò Ẹstóníà, Fínlándì àti Bìrìtéènì pọ̀ láti wá jíìnì àìtó ẹ̀jẹ̀ apani. Nínú ibi márùn-ún tí wọ́n rí, PTPN22 wà níbẹ̀, AIRE náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo orúkọ wọ̀nyí, ẹ má ṣe gbàgbé èyí. Kì í ṣe àìsàn ọrùn ni a ń jogún, kì í ṣe àìsàn ẹ̀jẹ̀ ni a ń jogún. Ọlọ́dẹ tí ó tètè ń ṣi ènìyàn mọ̀ ni a ń jogún. Lára ẹ̀gbọ́n, ọfà rẹ̀ lè bá táírọ́ìdì. Lára ìyá, kí ó bá àpòlúkù. Lára ọmọ, kí ó bá amẹ́jẹ̀dì. Lára ẹlòmíràn, kí ó má bá ohunkóhun títí ọjọ́ alẹ́.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìdílé báyìí ti bàjẹ́. Àwa Yorùbá tí a mọ ìbejì, ẹ gbọ́ ẹ̀rí ìbejì. Ní Dẹ́nmáàkì, a tẹ ìwádìí kan jáde ní 2001 nípa àwọn ìbejì. Bí àìsàn Graves bá mú ọ̀kan nínú ìbejì tí wọ́n jọ ti inú ẹyin kan wá, tí jíìnì wọn jẹ́ ọ̀kan náà, nínú 100 irú wọn, nǹkan bí 35 ni ó ń mú èkejì. Nínú ìbejì tí ẹyin wọn yàtọ̀, nǹkan bí 3 ni. Táíwò àti Kẹ́hìndé ẹlẹ́yin kan gba ogún kan náà, síbẹ̀ ó ju ìdajì lọ tí ọ̀kan ṣàìsàn tí èkejì kò ṣe é. Ogún lágbára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ó ń dájọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù fún àwa aláwọ̀ dúdú. Fún ọjọ́ pípẹ́, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé àwọn arúgbó òyìnbó ni àìtó ẹ̀jẹ̀ apani ń ṣe. Ní 1978, Ralph Carmel àti Cage Johnson ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó ń ṣe àwọn obìnrin dúdú, àti pé ó máa ń mú wọn ní kékeré ju bí a ti rò lọ. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 1994 láti Zimbabwe fi hàn pé ó ń ṣe ọmọ Áfíríkà nílé. Irú PTPN22 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣọ̀wọ́n lára wa. Àwọn jíìnì mìíràn ni yóò máa dá èsúsú tiwa. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ń dúró dè yín.

Kí ni kí a wá ṣe? Èkíní, bí táírọ́ìdì bá ń ṣe ọ́, tí o ń lo oògùn rẹ déédéé, síbẹ̀ tí ó ń rẹ̀ ọ́, má ṣe di gbogbo ẹrù lé táírọ́ìdì lórí. Ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, àti B12 rẹ. Èkejì, bí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ bá ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, tàbí tí ara ń ṣe dúdú láìsí ìnà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣẹ̀ léraléra, ilé-ìwòsàn ni kí o gbà lọ, má ṣe dúró de ìgò kejì. Ẹ̀kẹta, bí dókítà bá béèrè ọ̀rọ̀ ìdílé, sọ òtítọ́. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àìsàn yìí kì í ranni, kì í sì í ṣe ẹ̀gàn fún ọmọ tí ń lọ sílé ọkọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún ìyá mi kékeré ní ọ̀sẹ̀ náà. Kò tó oṣù méjì tí ojú rẹ̀ fi mọ́, tí ahọ́n rẹ̀ san, tí ó sì ń bá wa jẹ ata. Ṣùgbọ́n iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pẹ́ nínú ìyà, kò bọ̀ sípò tán; ọ̀pá ni ó fi ń rìn títí di òní. Ìyá mi àti àwọn àgbà ilé lọ bẹ orogún rẹ̀. Obìnrin náà gbà, ó padà wá. Ṣùgbọ́n àkọ́bí rẹ̀ ti pàdánù ọdún kan gbáko ní ilé-ìwé. Bí mo bá rí ọmọ náà, ọ̀rọ̀ tí a pa mọ́ nílé wa ni mo máa ń rántí. Bí a bá ti sọ ọ́ ní ọdún kan ṣáájú ni, bóyá ìyá mi kékeré ì bá máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ́jà.

Ní alẹ́ yìí, bí ẹ bá pa rédíò tán, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè irú àìsàn tí ó ti wà nínú ìdílé, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ó dàárọ̀ o.